Bí Wọ́n Ṣe Fi Mí Jẹ Director of Safety, Tí Àgbá Sì Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Mí

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí èmi tí n kò jókòó ní kíláàsì rí láyé mi ṣe di Director ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Tóbi, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Mo ń sọ, ó ń tẹ̀. Tí ẹ bá rí ibi tí àmì orí ọ̀rọ̀ ti ṣìnà, ẹ má bá mi wí o, Riverdale níbí ní Georgia ni wọ́n bí òun sí.

Rẹ̀mí ọmọ mi, ìyá Tóbi, nọ́ọ̀sì ni. Tó bá ti lọ sí shift, tí Tóbi náà lọ sí college, ó ku èmi àti tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀, èmi náà á máa sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹnìkejì. Ṣé ayé nìyẹn?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ní warehouse Díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, ibi tó ń kó ẹrù sí. Kò jìnnà sí ilé wa, ojú ọ̀nà tó lọ sí Jonesboro ló wà. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ń gbé àgbá wọn wá, àwọn àgbá búlúù ńláńlá yẹn, tí wọ́n á ki ìrẹsì, bàtà, ọṣẹ àti tòmátò inú agolo sí títí ìdérí ò fi ní í fẹ́ pa dé mọ́. Díákónì á kó wọn sínú kọ̀ǹténà, ó di Èkó. Èmi á jókòó, mà á máa bá wọn di ẹrù, mà á máa gbọ́ Yorùbá. Gbogbo ẹni tó bá wọlé á kí mi kú ìjókòó. Ara mi á yá gágá.

Díákónì alára kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn mi ni, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Lawrenceville tó jìnnà ló ń gbé. Tó bá dé ní agogo mẹ́wàá, á wọ ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà níwájú, onígíláàsì, á ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ wà lẹ́yìn, òun wà níwájú.

Ohun tó wà lẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Pẹpẹ onírin kan wà níbẹ̀ tó ga dé àjà, orí rẹ̀ ni wọ́n ń to àgbá sí, ìpele mẹ́ta. Ó yẹ kí wọ́n fi bóòtù de ẹsẹ̀ pẹpẹ náà mọ́lẹ̀. Ihò bóòtù wà o. Bóòtù ni kò sí.

Forklift tún wà, ẹ̀rọ tó dà bíi mọ́tò kékeré, tó ní ahọ́n irin méjì níwájú tó fi ń gbé àgbá sókè. Bíréèkì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Múfú ló ń wà á, ọmọ Ìsẹ́yìn, bàbá ọmọ mẹ́ta, aláwàdà èèyàn. Tí Múfú bá fẹ́ dúró, á bẹ́ sílẹ̀, á ju ìtì igi kan sábẹ́ táyà. Wọ́n ti lo igi náà pẹ́ débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Igbákejì ni wọ́n ń pè é, torí pé igbákejì bíréèkì ni. Ẹ óò kàn máa gbọ́, "Igbákejì dà? Ẹ bá wa jí Igbákejì." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n Díákónì tó ń gbé ní Australia fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Díákónì gbé e sí gbangba fún gbogbo wa lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní wọ́n ti ṣe òfin tuntun lọ́dọ̀ àwọn. Tí òṣìṣẹ́ bá kú síbi iṣẹ́ torí pé ọ̀gá ò bìkítà, wọn ò ní í máa pè é ní jàǹbá lásán mọ́, ìpànìyàn ni wọn yóò máa pè é. Ilé-iṣẹ́ á jẹ́jọ́, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì lè sùn lẹ́wọ̀n.

Díákónì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, eyín rẹ̀ ti wọlé.

Múfú bi í bóyá òfin ọ̀hún ti dé Georgia. Díákónì ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ níbì kan kì í pẹ́ dé ibòmíì. Bó ṣe dìde nìyẹn. Ọkùnrin tí kì í wo ẹ̀yìn rí, ó lọ sídìí forklift, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹnu bàtà tọ́ táyà. Mo sọ nínú ara mi pé òfin yìí mà dáa o. Kò tíì dé rárá, ó ti ń ṣiṣẹ́. Bíréèkì ń bọ̀ lọ́la.

Bíréèkì kọ́ ló dé. Díákónì ló dé, ilé wa ló sì wá.

Ọjọ́ Sátidé ni, òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbé èso wá nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé malt wá. Díákónì wọ agbádá. Tí kì í bá ṣe pé mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ǹ bá ní wọ́n wá tọrọ mi ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì Rẹ̀mí, ó ní òun ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun kì í gbọ́ tòun, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n sì bẹ̀rù èmi. Nítorí náà, òun fẹ́ fi mí jẹ Director of Safety, ẹni tó ń rí sí i pé ẹnikẹ́ni ò fara pa. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa gbàdúrà fún wọn láràárọ̀ Monday, kí n sì máa sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra.

Mo ní ṣé ẹni tí kò mọ a mọ́ b lè ṣe Director?

"Mama, ọgbọ́n ló ń ṣe é, ìwé kọ́."

Ẹ gbọ́ ẹnu dídùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Ta ni oyè kì í dùn mọ́? Ìyá Rẹ̀mí, Ìyá Rẹ̀mí, láti bí ọdún méjìlélógójì. Ṣé orúkọ mìíràn ò lè kàn mí ni?

Ó wá fa ìwé yọ, ojú ìwé mẹ́rin. Rẹ̀mí ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kiri, ó wo ojú ìwé àkọ́kọ́ bí ẹni tó wo ojú ọjọ́, ó ní kò burú. Tóbi ò sí nílé. Ta ló fẹ́ ka ojú ìwé mẹ́rin lójú àlejò tó dọ̀bálẹ̀? Àbùkù ni, àfi bí ẹni pé o fura sí i. Díákónì fi ibi tí mo máa fọwọ́ sí hàn mí. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n kọ, mo fa ìlà kan ní òòró, mo fa ìkan ní ìbú. Àmì àgbélébùú. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n fẹ́ kàn mọ́ ọn.

Ní Monday, wọ́n wọ ẹ̀wù pupa rúsúrúsú kan fún mi tó ń dán bíi iná mọ́tò. Wọ́n fún mi ní fìlà ike líle. Fìlà ò gbà pẹ̀lú gèlè, gèlè ò sì ní í kúrò lórí mi nítorí fìlà, la bá fi ìborùn dè wọ́n pọ̀. Wọ́n gbé káàdì kọ́ mi lọ́rùn, àwòrán mi wà lára rẹ̀. Tóbi ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sílé. Àbúrò mi ní Ṣakí ti sọ fún gbogbo agbo ilé pé ìjọba Amẹ́ríkà gbà mí síṣẹ́. Mi ò tún un sọ.

Mo ń ṣe iṣẹ́ mi bí iṣẹ́. Mo ń gbàdúrà, mo ń ní kí wọ́n rọra. Wọ́n á ṣe àmín. Àmín ti Múfú, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló máa ń ròkè jù. Tó bá ti ṣe àmín tán, á ju Igbákejì sábẹ́ táyà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bi Díákónì pé bíréèkì ńkọ́. Ó ní òun ti fi í sínú àdúrà. Mo ní bóòtù ẹsẹ̀ pẹpẹ ńkọ́. Ó ní Kérésìmesì ń bọ̀, ẹrù pọ̀, ó di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹ má sì sọ pé kò ra nǹkan kan o. Ó ra pátákó ńlá kan, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n kọ Safety First sí gàdàgbà. Ara pẹpẹ tí kò ní bóòtù yẹn gan-an ló gbé e kọ́ sí.

Abẹ́ pátákó yẹn ni àga mi, àga ike funfun kan, wà. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni atẹ́gùn híítà ń fẹ́ sí, wọ́n ní Director ò gbọ́dọ̀ gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Thursday kan, mo jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ mi. Dókítà fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Mo máa ń ráhùn nípa oògùn yẹn tó! Mo dìde, mo ní mò ń lọ na ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, mò ń lọ tọ̀ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ ni mo gbọ́ gbìì.

Mo sáré jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Múfú gbé àgbá dé, ó bẹ́ sílẹ̀ láti ju Igbákejì sábẹ́ táyà, kò rí Igbákejì. Ẹnì kan ti gbé e lọ fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó má baà máa pa dé. Kí Múfú tó mú un dé, forklift ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń relé. Ìdí rẹ̀ lọ kọlu ẹsẹ̀ pẹpẹ. Ẹsẹ̀ tí wọn ò dè mọ́lẹ̀ yẹ̀. Àgbá kan tó wà lókè pátápátá ronú díẹ̀, ó sì bọ́.

Orí àga mi ló bọ́ sí. Ike funfun yẹn pẹlẹbẹ bí àwo. Ìrẹsì dà síta, ó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń sin òkú.

Múfú jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó di orí mú. Ó rò pé mo wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Múfú, èmi nìyí." Ó wò mí bí ẹni tó rí iwin.

Díákónì sáré dé láti iwájú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé ṣé ẹnikẹ́ni ya fídíò. Wọ́n ní rárá. Ó mí kanlẹ̀. Ìbéèrè kejì, èmi ló bi.

"Mama, ṣé ẹ gbàdúrà ní Monday?"

Mo ní mo gbà á. Ó ní ẹ ò rí i, àdúrà yẹn ló ṣiṣẹ́. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló ṣiṣẹ́.

Kí n tó ráàyè jókòó, ó ti mú ìwé kan dé. Ó ní kò sí wàhálà, àkọsílẹ̀ lásán ni, pé Director of Safety ló yẹ kó fọwọ́ sí i pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n mú un lọ sílé, ojú mi ò ríran dáadáa. Ojú mi ríran o. Ìrẹsì yẹn ni mo ń wò.

Nígbà tí Tóbi dé láti college lọ́jọ́ náà, mo ní kó wá ka ìwé yẹn fún mi, kó sì lọ mú èyí tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí nínú Bíbélì mi, ibẹ̀ ni mo kó o sí. Ó jókòó ti tábìlì ìdáná, ó ń jẹ plantain chips, ó ń kà. Nígbà tó yá, kò jẹ ẹ́ mọ́.

Ó ní, "Grandma, ta ló ní kí ẹ sign eléyìí?"

Mo ní Díákónì ni. Ó ní ìwé tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí yẹn sọ pé tí ẹnikẹ́ni bá fara pa ní warehouse yẹn, tàbí tó kú, Director of Safety ni gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá kò sí níbẹ̀, kò sì sí nínú ti tuntun tí mi ò tíì fọwọ́ sí. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Mo ní, "Ká ní àgbá yẹn pa mí ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ̀bi pé ẹ pa ara yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni. Wọn ì bá wá gbé òkú mi lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n ní kó wá ṣàlàyé bí kò ṣe rọra.

Tóbi bínú, ó ní òun máa pe àwọn ìjọba. Ó tún wo fóònù rẹ̀, ó ní òfin Australia yẹn ò kàn wá níbí, ti ibí yàtọ̀. Ó ṣàlàyé ti ibí fún mi, ó gùn, mo sùn lọ díẹ̀. Èyí tó yé mi ni pé òfin tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ni Díákónì sá fún, ẹ̀yìn mi ló sì sá sí.

Ní Sátidé, Múfú wá sílé wa. Ó gbé àga tuntun wá fún mi, onírin. Kò ṣe àwàdà kankan. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Mama, èmi ni ǹ bá pa yín." Ó ní òun ò sùn láti Thursday. Mo ní kó dìde. Tóbi sọ fún un pé òun fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀ wá. Ó ní tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, níbo ni òun fẹ́ mú àwọn ọmọ mẹ́ta gbà? Mo bi í pé tó bá kú síbẹ̀, níbo ni àwọn ọmọ mẹ́ta máa gbà? Ó kàn ń wo àga tó gbé wá.

Mo ní kí Tóbi fún mi di Monday. Tí nǹkan ò bá yí padà lọ́jọ́ náà, kó pe ẹni tó bá fẹ́.

Lọ́jọ́ Sunday, Díákónì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ikú wá sí ilé-iṣẹ́ òun, ó bá àga lófìfo. Ìjọ hó yèè. Wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n rí mi. Mo dìde, mo juwọ́. Ọ̀rọ̀ bóòtù ò sí nínú ẹ̀rí náà.

Àmọ́ Tóbi ò tíì parí ìwé olójú ìwé mẹ́rin yẹn. Lọ́sàn-án Sunday yẹn, ó kà á dé ojú ìwé kẹrin, ó sì pariwo pè mí. Ó ní Díákónì ò kọ ìwé yìí fúnra rẹ̀, orí internet ló ti rí i, ti ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni, ó kàn fi orúkọ tirẹ̀ rọ́pò. Ní ìparí rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé Director lè dá iṣẹ́kíṣẹ́ tó bá léwu dúró. Ó lè ní kí wọ́n gbé nǹkankínǹkan tàbí ẹnikẹ́ni kúrò níbì kan lọ síbòmíì títí ewu á fi kúrò. Kò sí ẹni tó lè yí i padà, títí kan ẹni tó ni ilé-iṣẹ́.

Èmi tí n kò kàwé, àti Díákónì tó kàwé, àwa méjèèjì ni a ò ka ìwé náà.

Mo ní kí Tóbi kà á sínú fóònù mi, kó lọ́ra kà á, kó sì fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí.

Ilẹ̀ Monday mọ́. Mo wọ ẹ̀wù dídán mi, mo de fìlà mọ́ gèlè. Gbogbo wọn tò, wọ́n di ojú, wọ́n ń retí àdúrà. Díákónì pàápàá tètè dé lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n lajú. Mo ní mi ò gbàdúrà lónìí, iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní kí ọkùnrin mẹ́rin lọ gbé tábìlì Díákónì àti àga rẹ̀ láti ọ́fíìsì, kí wọ́n wá gbé e síbi tí àga mi kú sí.

Díákónì rẹ́rìn-ín. Ó ní Mama fẹ́ràn eré. Mo ní mi ò ṣeré. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ Mama, orúkọ lásán ni Director tí mo pè yín yẹn, kí ẹ lè máa rí ohun ṣe ni. Mo yọ fóònù, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn Tóbi jáde, pẹ̀lú òyìnbó ẹni tí wọ́n bí síbí, ó ń ka ojú ìwé kẹrin. Díákónì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní, "Níbo lẹ ti rí ìyẹn?"

"Nínú ìwé tí o fún mi."

Kó tó sọ òmíì, Múfú ti mú ẹsẹ̀ tábìlì kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń rọra ṣiṣẹ́ lárọ̀ Monday? Lọ́jọ́ yẹn, tábìlì yẹn ń fò ni. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, wọ́n gbé fọ́tò ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n tò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kò gbàgbé ife tíì rẹ̀.

Díákónì ní kí n fi í sílẹ̀, pé pẹpẹ yẹn le dáadáa, wọ́n ti gbé e dúró padà, kò sí ohun tó lè já bọ́ níbẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Bó bá le, jókòó."

Ṣé ẹ rí i, tó bá jẹ́ ọmọdé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, á lé e lọ. Òyìnbó ló sọ ọ́, á pe lọ́yà. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń dọ̀bálẹ̀ fún lójú gbogbo wa, tó jẹ́rìí lórí rẹ̀ níwájú ìjọ lánàá? Ó jókòó.

Mo gbé àga onírin tuntun mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, mo dojú kọ ọ́. Mo dá forklift dúró. Díákónì tan kọ̀ǹpútà. Ó tẹ nǹkan kan, ó gbójú sókè. Ó tún tẹ nǹkan kan, ó tún gbójú sókè. Ẹnì kan ti ilẹ̀kùn gbàgà lápá ẹ̀yìn, irin pẹpẹ hó kín-ín. Díákónì fò dìde, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Mo ní àwa méjèèjì ló ń ṣe, kó máa lọ, kó sì padà wá jókòó.

Kí agogo méjìlá tó lù, ó ti pe àwọn tó ń de pẹpẹ mọ́lẹ̀. Ó ń bẹ̀ wọ́n lórí fóònù, pé kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lónìí ni. Ó pe ẹni tó ń tún forklift ṣe. Ohun tó ti wà nínú àdúrà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá, wákàtí méjì lábẹ́ pẹpẹ ló mú un jáde. Wọ́n dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, bóòtù mẹ́rin mẹ́rin. Mo fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí Múfú wa forklift wá síwájú mi kó dúró. Ó tẹ bíréèkì. Ó dúró gbọin. Múfú wò mí, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ ìkókó. Ìgbà yẹn ni mo tó ní kí wọ́n dá tábìlì padà.

Ẹ wá gbọ́ ìparí rẹ̀. Kó tó di Kérésìmesì, Díákónì pe gbogbo èèyàn jọ, ó fún mi ní àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì, orúkọ mi wà lára rẹ̀. Ó ní Mama ti ṣiṣẹ́ tó, ó tó àkókò kí Mama sinmi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó gba káàdì lọ́rùn mi. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìwé tuntun kan lọ bá Múfú, ojú ìwé kan péré, pé kó wá jẹ Director.

Múfú ní òun á mú un lọ sílé. Ọ̀dọ̀ Tóbi ló mú un wá tààrà. Tóbi kà á: ẹ̀bi ṣì wà níbẹ̀, agbára ni wọ́n ti yọ. Múfú ká ìwé náà dáadáa, ó dá a padà láìfọwọ́ sí i. Ó ní, "Díákónì, mo ti fi í sínú àdúrà."

Díákónì gbé e lọ bá ẹlòmíì. Ẹni yẹn náà ní òun á mú un lọ sílé. Gbogbo wọn ló ti mọ ọ̀nà ilé wa báyìí. Nígbà tí kò rí ẹni tó máa gbà á, fọ́tò tirẹ̀ ló gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú agbádá, Director of Safety. Múfú sọ fún mi pé láràárọ̀, kí Díákónì tó wọ ọ́fíìsì, á kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, á di ẹsẹ̀ pẹpẹ mú, á mì í wò.

Igbákejì wà lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo gbé e wálé, orí rẹ̀ ni mo ń gbé ẹsẹ̀ lé bí mo ṣe ń sọ èyí fún Tóbi.

Àwọn kan bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ṣé irú òfin Australia yẹn dáa, ṣé kó wá síbí? Ó dáa, kó máa bọ̀. Ẹ̀rù tó bá ọ̀gá dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bà, sísá ló ń sá, ẹ wo ẹ̀yìn ẹni tó ń sá sí. Tí òfin náà bá dé, kó má kàn bi wá pé ta ló fọwọ́ sí ìwé. Kó bi wá pé ọwọ́ ta ni owó bóòtù wà, tí kò rà á. Ẹ̀yin náà, ẹ má torí pé ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ fún yín kí ẹ gba ìwé tí ẹ ò kà. Ẹ gba ìdọ̀bálẹ̀, ẹ mú ìwé lọ sílé.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ibi iṣẹ́ tiyín ńkọ́, kí ni ẹ fi ṣe Igbákejì níbẹ̀? Níbo ni tábìlì ọ̀gá yín wà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Tóbi á kà á sí mi létí, gbogbo rẹ̀ pátá, títí dé ojú ìwé kẹrin.